Nọ́ńbà Tí Kò Ṣeé Pín

Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní irọ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Ilé náà ṣì wà ní Temple Hills ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ṣojú wọn ò sì tíì kú. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́.

Lọ́dún 2006, Fúnmiọlá mú bàbá rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Ìgè fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ìṣirò, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ ti ń ra. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lásán, á ṣílẹ̀kùn, á máa rìn lọ nínú yìnyín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́pàá ti mú un padà wálé.

Gbọ́láhàn, ọkọ Fúnmiọlá, tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò ní yunifásítì, ló dábàá. Ó to ọ̀kan mọ́kàndínlógún sórí ìwé: 1,111,111,111,111,111,111.

"Kò sí nọ́ńbà tó lè pín in tí kò ní ṣẹ́kù," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀, "àfi ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀. Bàbá ò ní parí ẹ̀ láéláé."

Ojú ti Fúnmiọlá. Síbẹ̀, ó gbé e lọ.

"Bàbá mi, ẹ bá mi wá nọ́ńbà tó máa pín eléyìí."

Láti ọjọ́ náà, Bàbá ò jáde mọ́. Pẹ́ńsùlù rẹ̀ ń ha ìwé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fúnmiọlá ti ibi iṣẹ́ dé. Ilé dákẹ́. Fíríìjì tó máa ń kùn ò kùn. Ó ń wo mọ́tò tó ń kọjá níta. Kò gbọ́ ìró wọn.

"Ó pín," Bàbá wí.

Fúnmiọlá yẹ iṣẹ́ náà wò láti òkè délẹ̀. Kò sí àṣìṣe. Òdo ló wà nísàlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó ṣẹ́kù. Ó dà á kọ sórí ìwé mìíràn; ó ṣẹ́kù. Lórí ìwé Bàbá nìkan ni kò ti ṣẹ́kù.

Gbọ́láhàn dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Fúnmiọlá wí. "A ti mọ̀ pé kò ṣeé pín."

"Èmi náà mọ̀." Ojú Bàbá mọ́ kedere bíi ti àtijọ́. "Mo bẹ̀ ẹ́ ni."

"Ta lẹ bẹ̀?"

"Nọ́ńbà náà. Ó lóun gbà. Àmọ́ ó ní àṣẹ́kù òun gbọ́dọ̀ ríbì kan lọ."

Fúnmiọlá wọ ilé ìdáná. Ó ní kóun gbé ọsàn fún wọn. Ó ka mẹ́jọ jáde nínú àpò, ó tún un kà. Mẹ́jọ ni. Ó kó mẹ́rin sínú abọ́ kan, ó kó mẹ́rin sínú èkejì.

Ọ̀kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀.