Sílíńdà Búlúù Lẹ́yìnkùlé Àna Mi

Ẹ̀yin ìyá ìyàwó ẹgbẹ́ mi, ẹ wá gbọ́. Ta ni nínú yín tí kò mọ bí a ṣe ń jókòó nílé àna? A ó rọra ká ẹsẹ̀ kò, a ó máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní iyọ̀ dùn, a ó ní ó dùn bí oyin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe jókòó lẹ́yìnkùlé Àlàájì Làtíìfù ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin. Òtútù ń mú, atẹ́gùn ń fẹ́, ara mi ò sì balẹ̀ rárá.

Sherifat lorúkọ mi. Oúnjẹ ìnáwó ni mo ń sè jẹun, New Cross ni mo sì ń gbé. Nusaybah ọmọ mi ló fẹ́ Roqeeb, ọmọ Àlàájì. Oyún oṣù méje wà nínú Nusaybah lọ́jọ́ náà. Oyún àkọ́kọ́ ni, a sì ti wá a tipẹ́ kí Ọlọ́run tó dá wa lóhùn.

Roqeeb ló ní òun fẹ́ se edé bí àwọn ará Amẹ́ríkà kan ṣe ń sè é. Wọ́n á gbé ìkòkò ńlá kaná níta, wọ́n á se omi ata, wọ́n á kó pòtétò àti àgbàdo sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá da edé ńláńlá tó ní ọwọ́ bíi ti akàn sí i. Bó bá jiná, wọ́n á dà á sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ bébà sí, kóówá á máa fọwọ́ jẹ.

"Orí tábìlì kẹ̀?" Àlàájà Hàlímọ̀tù, ìyá Roqeeb, bèèrè. "Ṣé abọ́ ti tán lọ́jà Rye Lane ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu mi, ó tán bí Àlàájì ṣe gbé ohun ìdáná jáde.

Sítóòfù kékeré ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbé dání bí wọ́n bá fẹ́ lọ sùn nínú àgọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rí tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ìkòkò tí wọ́n sì fẹ́ gbé lé e lórí, ti mọ́ṣáláṣí ni, èyí tí a fi ń se ìrẹsì ìṣínu nígbà ààwẹ̀! Sílíńdà gáàsì tí wọ́n fi róbà so mọ́ sítóòfù náà, búlúù ni.

"Daddy, mo sọ fún yín pé the red one ni ká rà," Roqeeb ní, "àti sítóòfù tó lè gbé ìkòkò yìí."

"Gáàsì gáàsì ni," Àlàájì dá a lóhùn. "Ṣé àwọ̀ rẹ̀ lo fẹ́ jẹ ni? Mo ti ń fi gáàsì dáná kí wọ́n tó bí ẹ." Ó wá kọjú sí mi. "Àbí irọ́ ni mo pa, Ìyá Ìyàwó? Ẹ̀yin náà ṣáà ń se oúnjẹ."

Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀nà là sílẹ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé ohun tó wà níwájú mi ò dára. Ṣùgbọ́n kí ni mo sọ? "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Àlàájì."

Wọ́n tan iná. Ó kọ́kọ́ jó dáadáa, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ Roqeeb tó fẹ́ wá bá wa jẹ edé ti ń pè láti Stockwell pé àwọn ti wọ bọ́ọ̀sì, omi ò sì tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dìde, mo jókòó. Mo tú ìbòrí mi, mo tún un wé.

"Ìyá Nusaybah, ṣé nǹkan ń já yín jẹ lórí àga yẹn ni?" Àlàájà bèèrè.

"Rárá o, òtútù ni." Irọ́ ni mo pa.

Àlàájì gbá sílíńdà mú, ó mì í jìgìjìgì. "Ó ti ń tán lọ," ó ní. Kò tíì tán. Mo ń wo yìnyín fífẹ́lẹ́ tó ti bo ara sílíńdà náà. Ó ní kí wọ́n gbé kẹ́tù omi gbígbóná wá, ó dà á sí i lára. Iná gbéra díẹ̀, ó tún lọ sílẹ̀.

"Àlàájì," mo ní, ohùn mi ò ju ti ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ lọ, "ṣé ká má kúkú gbé edé yìí wọlé, ká sè é ní kíṣíìnì?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Àlejò wa lẹ jẹ́ lónìí."

Mo jókòó. Èmi Sherifat tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́nu-bí-agogo, mo jókòó!

Àlàájì bá pàtẹ́wọ́. "Mo ti rántí! Ní Mushin, bí gáàsì bá ń tán lọ, a máa ń dá a dùbúlẹ̀ ni. Nusaybah, wá bá mi di róbà yìí mú kó má baà ká."

Ọmọ mi gbéra tòun ti ikùn rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Mi ò mọ ìgbà tí mo fò dìde. Bàtà mi kan bọ́ sílẹ̀. "Nusaybah, kúrò níbẹ̀! Àlàájì, ẹ má dá a dùbúlẹ̀! Ẹ pa á!" Mo fa ọmọ mi lápá débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lé mi.

Àlàájì ti dá a dùbúlẹ̀. Iná bú gbàù! Ó ga ju ìkòkò lọ, ó ga ju Roqeeb lọ, ó sì na ahọ́n sí ibi tí Nusaybah ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Ọlọ́run ló ṣe é tí Roqeeb wà lẹ́yìn sílíńdà, níbi tí iná ò dé. Mo pariwo pé kó yí i pa lórí sílíńdà. Ó pa á, iná sì kú.

Báàfù oníke tí wọ́n kó àgbàdo sí, tó wà lẹ́sẹ̀ Nusaybah tẹ́lẹ̀, ti yọ́ mọ́ ilẹ̀. Nusaybah fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú.

"Mummy, ó ń ta ẹsẹ̀," ó ní. "He's kicking." Mo bú sẹ́kún.

Àlàájì wo báàfù tó yọ́ náà. "Bẹ́ẹ̀ la ṣáà ti ń ṣe é nílé."

"Àánú Ọlọ́run là ń jẹ nílé, Àlàájì. Omi ni gáàsì inú sílíńdà. Ooru rẹ̀ tó ń gòkè nìkan ló yẹ kó gba inú róbà. Bí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀, omi gáàsì fúnra rẹ̀ ló máa rọ́ lọ bá iná. Kò sì tíì tán, òtútù ló mú un. Gáàsì inú sílíńdà búlúù kì í fẹ́ òtútù. Ìkòkò ńlá sì máa ń mu gáàsì gan-an, bó bá ṣe ń mu ún ni sílíńdà á túbọ̀ máa tutù. Ti pupa ló wà fún irú ọjọ́ báyìí."

"Ṣé ká wá so pupa mọ́ eléyìí?" Roqeeb bèèrè.

"Rárá o! Régúlétọ̀ búlúù, irin tó so róbà mọ́ orí sílíńdà yìí, kì í ṣe ti pupa. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi agídí so wọ́n pọ̀. Sítóòfù yín gan-an ò sì lè gbé ìkòkò yìí. Bó bá dojú dé, omi ata gbígbóná á bo ẹni tó bá wà nítòsí."

Ìgbà yẹn lojú wá tì mí. Mo ti pariwo mọ́ àna mi nínú ilé rẹ̀, lójú ìyàwó rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí koríko tútù. "Àlàájì, ẹ má bínú. Ẹ forí jì mí."

"Ẹ dìde, Ìyá Ìyàwó. Ṣé ẹ ti mọ̀ látìgbà tí mo ti gbé e jáde?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó wo ikùn Nusaybah títí. "Ohun tí ẹ máa bẹ̀ mí lé lórí nìyẹn. Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́."

Mo dìde, mo lọ mú bàtà mi tó bọ́.

Kíṣíìnì la ti wá se edé náà, díẹ̀díẹ̀, nínú ìkòkò kékeré. Àwọn àlejò jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ìka. Èmi ò fọwọ́ kan ẹyọ kan.

Torí náà, ẹ̀yin ará, kí ẹ tó ra sítóòfù ìta, ẹ kọ́kọ́ mọ ìkòkò tí ẹ máa gbé lé e. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó lè gbé e, àti irú gáàsì àti régúlétọ̀ tó bá a mu. Bí òtútù bá mú, sílíńdà pupa ni kí ẹ lò. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí ẹ ti so róbà. Bó bá ń hó, gáàsì ń jò níbẹ̀, ẹ má tan án. Òòró ni kí sílíńdà máa wà. Ẹ má mì í, ẹ má da omi gbígbóná sí i, ẹ má dá a dùbúlẹ̀ láé. Bí òjò bá sì dé, ẹ pa iná. Ẹ má gbé e wọlé tàbí sábẹ́ àgọ́ tí ẹ ti pa, torí èéfín tí a kì í rí, tí kì í rùn, máa ń pa odindi ìdílé. Ẹ jẹ́ kí ọmọdé àti aboyún jìnnà. Bí iná bá bú, tí ẹ ò sì lè dé ibi sílíńdà láìséwu, ẹ sá, kí ẹ pe àwọn panápaná ní 999.

Bí ẹ bá sì rí ohun tí kò dára nídìí iná, ìbáà jẹ́ nílé àna, ìbáà jẹ́ nílé ọ̀gá, ẹ pariwo. Àna tó bínú, ẹ lè bẹ̀ ẹ́ lọ́la. Iná kì í gbẹ̀bẹ̀.