Abẹ́rẹ́ Mùkàrámà

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní Abidjan, nínú oṣù Sẹ́tẹ́ńbà ọdún 2002, tí àwọn ará àdúgbò Treichville ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tí àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ń kó ìdì aṣọ padà láti ìsọ̀ wá sí ilé, Mùínàt ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní kí Ràdíyàtù, ọmọ rẹ̀ kejì, máa lọ gba abẹ́rẹ́.

"Ìyá, ẹ ò gbọ́ ìbọn ni?"

"Mo gbọ́ ọ. Òdìkejì omi ni. Zone 4 ni ìwọ ń lọ."

"Orúkọ Àǹtí Mùkàrámà ló wà lórí káàdì abẹ́rẹ́ náà. Kí ló dé tí àwọn fúnra wọn ò lọ?"

"Kí ìbọn wá bá Mùkàrámà, kí ta ni wá di nọ́ọ̀sì? Ìwọ?"

Mùkàrámà jókòó sórí ẹní, ó ń fi òróró pa irun rẹ̀. Kò gbójú sókè.

Òun ni àkọ́bí. Ó ti yege ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ohun tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kankan nínú àgbàlá wọn kò ṣe rí. Ṣùgbọ́n òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà le. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aláìsàn àfi tí ó bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, pàápàá ti àrùn ẹ̀dọ̀, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́fà.

Láyé ìgbà náà, àjèjì tó bá ń gbé Abidjan gbọ́dọ̀ ní ìwé ìgbélùú, carte de séjour. Èèyàn a tò láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀ kí ó tó rí i gbà. Àwọn Yorùbá ibẹ̀ wá sọ ọ́ di àṣà pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni yóò lọ tò fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ọ̀gá tó jókòó nídìí tábìlì kì í wojú ẹnikẹ́ni. Anango ni orúkọ tí ó ń pe gbogbo wọn, ojú kan náà ni gbogbo wọn sì ní lójú rẹ̀. Ràdíyàtù ti dúró fún ìyàwó ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ rí, obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, ọ̀gá náà sì lu òǹtẹ̀ láìṣẹ́jú.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ dé ní oṣù Máàṣì, tí Mùkàrámà ń múra ìdánwò, tí àwọn èèyàn sì ń sọ pé abẹ́rẹ́ náà a máa mú ara gbóná, Mùínàt kò bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Lójú tirẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òǹtẹ̀, ọ̀kan náà ni. Ó ní, "Ìwọ tí o kò ní ìdánwò, lọ tò fún un." Nígbà tí èkejì fi máa tó, nọ́ọ̀sì ti mọ Ràdíyàtù sí Mùkàrámà. Kò ṣeé yí padà mọ́.

Ràdíyàtù gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ ní ọjọ́ ìbọn náà. Nọ́ọ̀sì náà, Émile, yọ ojú láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn kékeré rẹ̀.

"Mùkàrámà! Ogun dé, ìwọ náà dé! Ẹ̀yin Anango ò mọ ẹ̀rù ni?"

"Ìyá mi ló rán mi, tonton," ni Ràdíyàtù wí, bí wọ́n ti ń pe àgbà ọkùnrin níbẹ̀.

"Ìyá rẹ le ju àwọn ọlọ́tẹ̀ lọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó gún un, ó sì fi òwú tẹ ojú abẹ́rẹ́ náà. "Ó parí. Àrùn ẹ̀dọ̀ kò lè rí ọ gbé ṣe mọ́. Ìwọ yóò dàgbà darúgbó nínú iṣẹ́ yìí."

Nígbà tí ó délé, ìyá rẹ̀ gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Mùkàrámà. Kò béèrè bí ọ̀nà ti rí.

Ilé-ẹ̀kọ́ wọlé. Ní àràárọ̀ ni Mùínàt ń sin àkọ́bí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà àgbàlá nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, kí àwọn ará ilé lè rí i kí wọ́n sì kí i pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Madame nọ́ọ̀sì wa." Bàbá wọn, Làtífù, ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó di pé ogun dé, kò sì tíì rí ọ̀nà padà.

Ní oṣù Fẹ́búárì, Mùkàrámà ń gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí àrùn ẹ̀dọ̀ ń bá jà, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọkùnrin náà já apá gbà, abẹ́rẹ́ sì wọ ìka Mùkàrámà. Madame Micheline, olùkọ́ wọn, fa ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ omi.

"Ìwọ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Madame."

"Ọlọ́run ṣe é. Ẹni tí kò bá gbà á, òní náà ni à bá fún un ní oògùn. Ó kù díẹ̀ níbí, ogun kò jẹ́ kí ó sí níbòmíràn."

Mùkàrámà sọ ọ́ nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ràdíyàtù ti ń wọ bàtà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn. Ẹ dìde, Àǹtí."

Mùínàt gbá a lọ́wọ́ mú. "Ká lọ sọ kí ni? Ṣé o ò rí i pé ilé àjèjì ni wọ́n ń jó kiri ìlú? Ohun tí wọn yóò fi mú wa ni wọ́n ń wá. Kí a wá fi ẹsẹ̀ ara wa rìn lọ sọ pé a tan ìjọba jẹ? Wọn yóò lé ẹ̀gbọ́n rẹ, wọn yóò tì wá mọ́lé."

"Ìyá, Àǹtí lè kú."

"Ẹnu rẹ kọ́ ni yóò pa á!"

Ràdíyàtù yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mùkàrámà ń wo aṣọ funfun rẹ̀ lára ògiri.

"Bí o bá sọ ọ́," ó ní, "o kì í ṣe àbúrò mi mọ́. O ti ń jowú mi tipẹ́."

Ràdíyàtù bọ́ bàtà. Kò lọ sọ fún ẹnikẹ́ni, ní ọjọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí oṣù Épírì fi wọlé, ojú Mùkàrámà ti pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi àgbo. Inú yàrá tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́ kí ó tó kú. Madame Micheline ń mi orí: "Ẹni tó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! N kò rí irú èyí rí." Ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó gbé òkú lọ pé kí ẹnikẹ́ni tí kò gba abẹ́rẹ́ náà má ṣe fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara rẹ̀.

Mùínàt kò sọkún lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n délé ló yíjú sí Ràdíyàtù.

"Ìwọ lo gba abẹ́rẹ́ ọmọ mi."

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ rán mi."

Ó gbá a létí.

Àwọn obìnrin tí ń wẹ òkú ní mọ́sáláṣí wá. Wọ́n gbọ́ ìkìlọ̀ náà, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì fà sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ń lọ sílẹ̀, òfin kónílé-ó-gbélé sì ń bọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ sin ín kó tó dé.

"Ràdíyàtù," ni Mùínàt wí níwájú gbogbo wọn, "apá wo ni wọ́n ti ń gún ọ?"

Ràdíyàtù fọwọ́ kan apá òsì rẹ̀.

"Òun ni kí o fi wẹ̀ ẹ́."

"Ìyáa Mùkàrámà, ọwọ́ òsì kẹ̀?" ni àgbà nínú àwọn obìnrin náà pariwo. "Ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run!"

"Ọ̀tún kò gba abẹ́rẹ́," ni Mùínàt wí. "Ṣé kí èyí náà kú ni?"

Ràdíyàtù ká ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi òsì bu omi.