Kì Í Ṣe Ọjọ́ Ìgbéyàwó Nìkan Là Ń Sọ Pé AS Ni Wá

Láàárọ̀ Sátidé yẹn, Morẹ́nikẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin, pa, ó tẹ̀lé Fadékẹ́mi ọmọ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Hamburg. Bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ ìdíje nìyẹn. Wọn ò tíì jìnnà sí Berlin tó fi gba ike omi lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Ààwẹ̀ wa ò tíì parí. Tó o bá borí tán, wàá mu omi."

"Mama, ooru ń mú gan-an."

"Ọlọ́run tó ń bá ẹ ṣe é látẹ̀yìn wá náà ló máa ṣe tòní."

Ká sòótọ́, Fadékẹ́mi ti gbìyànjú. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́, àwọn tó lè bá a sáré ní Berlin ò pọ̀. Ó bọ́ sídìí bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ. Wọ́n ní kó dán ọkọ̀ títù wò, kò pẹ́ tó fi ń ya àwọn tó bá níbẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ní Hamburg, wọ́n fẹ́ yan àwọn tó máa tukọ̀ fún Germany.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú. Jasmin, obìnrin tó ń kọ́ ọ ní ọkọ̀ títù, ti bi ìyá àtọmọ léèrè rí pé ṣé ohunkóhun wà nínú ẹ̀jẹ̀ Fadékẹ́mi tó yẹ kóun mọ̀. Kí ọmọ tó lanu, màmá ti ní rárá. Ó kúkú mọ̀ pé AS ni. Òun ló kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọkùnrin tó bá fẹ́ fẹ́ ẹ.

Fadékẹ́mi ló wà níwájú nígbà tí ìdíje kù díẹ̀ kó parí. Àfi bí àjẹ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí itan rẹ̀ méjèèjì le gbagidi. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé ọsibítù, ìtọ̀ rẹ̀ ti dúdú bíi kọfí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé AS ni.

"Ẹni tó jẹ́ AS kò ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde," dókítà ṣàlàyé. "Ó lè ṣe eré ìdárayá tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n tí omi bá gbẹ lára rẹ̀, tó tún lo agbára jù nínú ooru, iṣan rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ìyẹn á sì ṣàkóbá fún kíndìnrín. Kó máa mu omi, kó máa sinmi. Tí iṣan bá ń ro ó tàbí tí kò lè mí dáadáa, kó dúró lójú ẹsẹ̀."

"Ká ní mo mọ̀ ni," Jasmin sọ, "mi ò ní jẹ́ kó débi odò láìmu omi."

Morẹ́nikẹ́ fọwọ́ bojú. "Mi ò fẹ́ káwọn ọkùnrin máa sá fún un ni."

"Mama," Fadékẹ́mi dáhùn lórí bẹ́ẹ̀dì, "ṣé ọkùnrin ni mo lọ wá lórí omi?"

Kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló bá a fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ ò sì tíì padà sípò. Ẹlòmíì ló jókòó sáyè rẹ̀ nínú ọkọ̀ Germany.

Ẹ̀yin òbí, ó ti tó. Ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ́ ọ ní eré ìdárayá. Tó bá di ọjọ́ ìdíje, ẹ jẹ́ kó ti mu omi kó tó jáde. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lẹ lè máa gba ààwẹ̀ yẹn.