Rahamatou àti Olóko Òwú Alafiarou

Níbi ọdún iṣu tuntun nínú ọjà Tchaourou, ní ọdún 1998, ni Rahamatou ti kọ́kọ́ rí Nafiou. Àjọ kékeré kan ló ní kí ọmọbìnrin náà to àwọn ike oògùn kòkòrò òwú tó ti ṣófo sórí tábìlì, kó máa kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má fi pọn omi mu, kí wọ́n sì máa bo ojú bí wọ́n bá ń fín oògùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fi í rẹ́rìn-ín kọjá. Nafiou, ọ̀dọ́kùnrin olóko òwú láti Alafiarou, dúró.

"Madame, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fín oògùn. Kí ló ṣe mí?"

"Ojú ẹ pọ́n bí ata. Ṣé àìsùn ló fà á ni?"

Nafiou bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó tì í títí ọjà fi tú, ó ń bá a pe àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, ìfẹ́ ti kó sí àwọn méjèèjì lórí.

Bàbá Rahamatou gbà tayọ̀tayọ̀. Seidou, bàbá Nafiou, ló kọ̀ jálẹ̀.

"Ọmọ tó ń bá àgbà wí láàárín ọjà? Kò níí wọ ilé mi!"

Nígbà tí Nafiou bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Bá mi parí iṣẹ́ oko òwú yìí ná. A ó wá sọ̀rọ̀."

Rahamatou ra awò tó bo ojú fún un. Lóko, Seidou fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ṣé ọkùnrin lèyí, àbí ìyàwó tuntun tó bojú?" Ìtìjú mú Nafiou, ó bọ́ ọ sílẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni rọ́bà ẹ̀rọ ìfínoògùn tó pọ̀n sẹ́yìn bẹ́, tí oògùn tú sí i lójú. Ewé ni wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà ní ó ti bọ́ sórí, ojú méjèèjì ti fọ́.

Nafiou kọjú sí ògiri nígbà tí Rahamatou dé.

"Máa lọ, Ràámà mi. Mi ò níí fi ayé ẹ ṣòfò."

"Ibo ni kí n lọ, olólùfẹ́ mi?"

Lọ́sẹ̀ kejì, Seidou fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ níwájú bàbá Rahamatou ní Tchaourou. "Ẹ dákun, ẹ fún wa lọ́mọ yín."

Bàbá Rahamatou ò ní kó dìde. "Nígbà tó ríran, ẹ ò fẹ́ ẹ. Ó fọ́jú tán, ẹ wá ń wá ẹni tí yóò máa fà á lọ́wọ́." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀: "Bí o bá lọ, má padà síbí mọ́."

Rahamatou sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò dárí ji Seidou. Síbẹ̀, ó lọ.

Tonton Imorou, àbúrò bàbá rẹ̀, ló dúró fún un nígbà tí àfáà so yìgì ní Alafiarou. Èèyàn ibẹ̀ ò pé mẹ́wàá, kò sì sẹ́ni tó kọrin.

Nafiou tẹ̀ sí i létí. "Ṣé bàbá ẹ wá?"

Rahamatou wo ẹnu ọ̀nà tó ṣófo.

"Wọ́n wá. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí."

Nafiou tẹ́tí, tẹ́tí. Kò gbọ́ ohùn bàbá náà. Kò béèrè mọ́. Ó ń fọwọ́ wá ìyàwó rẹ̀ kiri lórí ẹní, nígbà tó sì kan ìka rẹ̀, ó dì í mú ṣinṣin.