Àwọn Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà tí Ratomir Kùn Lọ́dà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìwé owó iná dé ilé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ní Leskovac, ìpele pupa ni wọ́n sì kọ sí i. Ẹni tó bá ti lo iná wọ ìpele pupa ní Serbia, owó tó máa san á le bí ojú ẹja. Lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀: bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, wọn á ti yàrá kọ̀ǹpútà tó wà nínú ilé náà pa. Petrija, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà, ka lẹ́tà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó. Inú yàrá yẹn ló ti ń rí Lenka ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà ní Stuttgart ní Jámánì lójú kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Kò tíì fọwọ́ kan ọmọ náà rí.

Ṣùgbọ́n Vidosava, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ni ojú tì jù. Òun ló ra kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ka mítà iná láti ojúlé dé ojúlé, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ iná tàn jẹ. Lọ́jọ́ tó lọ rà wọ́n, kò béèrè bí wọ́n ṣe yára tó. Ọpọlọ wọn ló béèrè, ìyẹn ẹ̀yà pẹlẹbẹ tí kò ju bisikíìtì lọ, tó ń ṣe gbogbo ìrònú ẹ̀rọ. Ó ní báwo ló ṣe ń jẹ iná sí. Ratomir, ọmọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ tó ń tajà lẹ́bàá ibùdókọ̀, fọwọ́ lé àyà.

“Màmá, wáàtì márùndínlógójì péré. Bí ìgbà tí ológoṣẹ́ ń mumi ni.”

Nísinsìnyí Vidosava mú mítà kékeré kan, ó fi í sáàárín ògiri àti wáyà kọ̀ǹpútà kìíní. Ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Wáàtì àádóje. Ó wọn èkejì, bákan náà. Kò wọn ẹ̀kẹta, ó wọ bàtà.

“Ọmọ mi,” ló wí fún Ratomir ní ṣọ́ọ̀bù, “ológoṣẹ́ rẹ ń mumi bíi màlúù.”

“Ẹ lọ wo ẹ̀rọ tó ń mú yàrá yín gbóná, Màmá. Tàbí kẹ́tù tíì yín.”

“Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń ka mítà. Má fi kẹ́tù pa mí lẹ́rìn-ín.”

“Ẹ padà wá lọ́la. Màá yẹ̀ ẹ́ wò.”

Nígbà tó padà lọ lọ́jọ́ kejì, ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Aago ẹnu ọ̀nà pàápàá, Ratomir ti tú u lọ.

Vidosava àti Petrija tú kọ̀ǹpútà kan palẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n rí ọpọlọ náà, ọ̀rá funfun tó máa ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀ bò ó. Wọ́n nílò ohun tí wọ́n lè fi nù ún, Petrija sì fa ìgò ọtí rakija jáde nínú báàgì. Ó ní torí ikọ́ lòun ṣe ń gbé e kiri. Wọ́n nù ún. Ọ̀rá lọ, lẹ́yìn náà ni lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i lára bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, lẹ́yìn náà ni ọ̀dà ń bó. Lábẹ́ ọ̀dà ni orúkọ gidi wà: ọpọlọ àtijọ́, ọmọ ọdún méjìlá, ajẹná paraku. Ratomir ti pa orúkọ tó ń hàn lójú kọ̀ǹpútà dà pẹ̀lú.

“Rakija yìí ti mú kí ọkọ mi jẹ́wọ́ rí,” ni Petrija wí. “Mi ò mọ̀ pé ó ń mú kọ̀ǹpútà náà jẹ́wọ́.”

Íńsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá Zagorka gba ẹjọ́ náà. Orúkọ òkú ni Ratomir fi gba ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọlọ́pàá gbọ́ pé ó ń tajà nílùú Vranje. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá búrẹ́kì, ìyẹn páì ẹran, tó bù jẹ lórí tábìlì, ó ṣì ń gbóná. Wọ́n gbọ́ pé ó wà nílùú Niš. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí bó ṣe ń fò wọ ọkọ̀ ojú irin.

“Ẹ má lé e mọ́,” Vidosava sọ fún Zagorka. “Ẹni tó bá ń kun nǹkan nígbà òtútù, ó gbọ́dọ̀ mú un gbẹ. Iná mànàmáná ló máa fi mú un gbẹ.”

Vidosava gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sáwọn abúlé tó ti ka mítà rí. Lọ́jọ́ kẹrin, ó dé ilé olùkọ́ kan tó ti kú láti ọdún mẹ́ta. Fèrèsé tì pa, èéfín kankan kò jáde lórí òrùlé, ṣùgbọ́n mítà ara ògiri ń yí bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìyàwó nínú ilé. Vidosava tẹ Zagorka láago.

Bí àwọn ọlọ́pàá ṣe kan ilẹ̀kùn iwájú, Ratomir bẹ́ láti fèrèsé ẹ̀yìn. Yìnyín ti yọ́ nínú oko èso. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé orúnkún. Ó gbójú sókè, ó rí Vidosava tó di kẹ̀kẹ́ mú.

“Rọra, ọmọ mi. Ẹrẹ̀ yẹn jìn.”

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Zagorka kò fi àkókò ṣòfò.

“Mélòó lo ti kùn?”

“Ó lé ní igba.”

“Níbo lo ti ń rí wọn?”

“Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ló ń kó wọn dànù.”

“Ṣé o mọ̀ pé wọ́n fẹ́ ti yàrá àwọn arúgbó yẹn pa nítorí rẹ?”

Zagorka gbé kálàmù sílẹ̀.

“Bí mo bá fẹ́ ra ti ọmọ mi, tí mi ò lówó púpọ̀, èwo ni kí n rà?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú ọmọkùnrin náà mọ́lẹ̀. “Ẹ má ra èyí tó yára jù, ọmọ ilé ìwé ò nílò rẹ̀. Ẹ má sì ra àlòkù tó ti gbó jù torí pé ó pọ́ọ́kú. Láàárín ọdún méjì, iná tó máa jẹ á gba ohun tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́. Ẹ béèrè iye tó ń jẹ nígbà tó bá jókòó lásán, torí bẹ́ẹ̀ ló máa ń wà jù. Kí ẹ sì wọ̀n ọ́n fúnra yín.”

“Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ yìí, kí ló dé tí o ò tajà gidi?”

“Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ iná. Màmá yẹn nìkan ló béèrè.”

“Òun náà lo sì purọ́ fún.”

Ratomir wo ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. “Òun náà ni mo purọ́ fún.”

Wọ́n bá èyí tó pọ̀ nínú owó náà nílé olùkọ́, wọ́n dá a padà fún àwọn tó lù ní jìbìtì. Ìjọba ìbílẹ̀ fawọ́ lẹ́tà wọn sẹ́yìn. Adájọ́ ní kí Ratomir fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ fún ìlú láìgba kọ́bọ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹgbẹ́ náà.

Ó wá. Ó ń yọ ọpọlọ burúkú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pátákó tó jókòó lé, ó ń fi tuntun sí i, Vidosava sì dúró tì í pẹ̀lú mítà kékeré, kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Wáàtì méjìlélógójì. Ogójì. Nígbà tó kan èyí tí Petrija máa ń lò, Lenka yọ lójú ẹ̀rọ láti Stuttgart.

“Ìyá àgbà, ta ni ọkùnrin tó wà lábẹ́ tábìlì yín yẹn?”

Petrija bojú wo abẹ́ tábìlì.

“Olè wa ni,” ló wí. “Jẹ́ kó parí iṣẹ́ ná. Báwo leyín rẹ tó ń ro ẹ́ lánàá?”