Ilé Tí Bọ́sẹ̀dé Kò Lọ Wò

Inú yàrá Bùọ̀dá Elijah ni Bọ́sẹ̀dé wà, ó ń gbálẹ̀, nígbà tí alùpùpù kan dúró níwájú ilé. Ọjọ́ Sátidé ni. Gbogbo Sátidé ló máa ń ṣí àwọn yàrá tí wọ́n tì pa kí atẹ́gùn lè wọ̀ wọ́n, tí yóò sì gbá eruku tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò gbé wọlé. Bùọ̀dá Elijah, àbúrò bàbá rẹ̀, wà ní Jọ́ọ̀sì. Àǹtí Fúnmilọ́lá ti lọ́kọ sí Èkó. Lazarus, bàbá Bọ́sẹ̀dé, ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bọ́sẹ̀dé nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin kí ìyá àgbà, Màmá Susanna, lè rí ẹni pọnmi fún un.

Bàbá àgbà tó kọ́ ilé náà rò pé ọmọ yóò kún inú rẹ̀. Ọmọ kún un lóòótọ́, kí wọ́n tó dàgbà tán tí wọ́n sì gba ìlú ńláńlá lọ. Ní ọdún 1978 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ènìyàn méjì àti okùn kọ́kọ́rọ́ kan ló kù níbẹ̀.

"Ẹ kú ilé o," ọkùnrin kan kí wọn láti ìta.

Bọ́sẹ̀dé jáde tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà dé fìlà ọlọ́nà, ó so rédíò kan mọ́ ọwọ́ alùpùpù rẹ̀, rédíò náà sì ń kọrin.

"Olóyèdé ni orúkọ mi, kọntirátọ̀ ni mí. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀ páànù orí ilé yín. Sister, ṣé àwọn àgbà wà nílé?"

Ẹnikẹ́ni kò pe Bọ́sẹ̀dé ní Sister rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó sáré gbé àga fún un.

Òótọ́ ni pé páànù tuntun wà nílé. Nígbà Kérésìmesì ni Lazarus fi lọ́rì kó wọn wá, torí pé ti orí ilé ti dípẹtà, ó sì ti ń jò sí yàrá Màmá. Kó tó padà sí Kàdúná, ó pe Bọ́sẹ̀dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ lẹsẹ̀ rẹ yá nínú ẹ̀yin méjèèjì," ló wí. "Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ yìí, bi í léèrè ilé tó ti kàn rí, kí o sì lọ síbẹ̀. Má wo ìta lásán. Wọ inú ilé, bá onílé sọ̀rọ̀, bi í bóyá ó parí iṣẹ́ náà, bi í bóyá ilé ń jò. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí o kò bá tíì lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọ ìṣó kan lára ilé yìí. O mọ̀ pé Màmá ní ibí lòun máa kú sí. Bí ilé bá bàjẹ́, Kàdúná ló kù fún wọn, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ Kàdúná sétí."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹnu Olóyèdé sì tún lé ata sí i. Kò pẹ́ tó jókòó tó fi pa Màmá Susanna lẹ́rìn-ín, Màmá tí kì í rẹ́rìn-ín àfi bí oníwàásù bá ṣì Bíbélì kà. Olóyèdé fúnra rẹ̀ ló tún dá ọ̀rọ̀ ilé tó ti kàn rí sílẹ̀ kí wọ́n tó bi í.

"Ilé Ìyá Alimat ní Ọ̀sí, èyí tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, èmi ni mo gba iṣẹ́ ibẹ̀. Ẹ lọ bi wọ́n léèrè mi."

Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ mì. Ó ti mọ ìwà àwa ọmọ aráyé: bí wọ́n bá ti sọ fún wa pé ká lọ béèrè, ọkàn wa á ti balẹ̀, a kì í sábà lọ mọ́.

"Bọ́sẹ̀dé á lọ," Màmá fèsì. "Bí ó bá dé, a ó mọ bí uṣẹ́ náà á ti rí."

Láti ọjọ́ náà ni Olóyèdé ti ń yà ní ọ̀sán. Á gbé rédíò sórí pèpéle, á béèrè ohun tí wọ́n kọ́ Bọ́sẹ̀dé nílé ìwé, á máa sọ ìtàn Ìlọrin àti Ọ̀fà fún un. Bọ́sẹ̀dé á máa rẹ́rìn-ín títí. Láti ìgbà tí Àtinúkẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kó lọ sí Ìlọrin, kò sí ẹni tó tún bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Nínú ilé yẹn, lẹ́yìn "ṣé o ti pọnmi" àti "ṣé o ti jẹun", ọ̀rọ̀ ti tán títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí alùpùpù Olóyèdé bá ti lọ, ìdákẹ́jẹ́ á tún padà sáàyè rẹ̀, á sì dà bíi pé ó ti wúwo sí i.

Ọjọ́ tó yẹ kó lọ sí Ọ̀sí pé. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró de ọkọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò ní ìkòríta. Lọ́rì kan dé, ó dúró, awakọ̀ sì yọ orí.

"Ọ̀sí ni?"

Bọ́sẹ̀dé di ilẹ̀kùn lọ́rì mú, kò gòkè. Ó ń rò ó pé bí onílé yẹn bá ní iṣẹ́ Olóyèdé kò dára ńkọ́? Yóò di dandan kó sọ fún Màmá, Màmá á sì lé ọkùnrin náà. Kò ní sí rédíò mọ́, kò ní sí ẹni tí yóò pè é ní Sister.

"Rárá, ẹ máa lọ," ló wí.

Ó jókòó sábẹ́ igi náà títí oòrùn fi yí, ó wá padà sílé.

"Mo débẹ̀, Màmá," ló wí. "Ilé náà dára. Onílé yìn ín gan-an."

"Ṣé ùwọ wọ inú ulé náà?"

"Mo wọ̀ ọ́, Màmá."

"O kú uṣẹ́, ọmọ mi." Màmá yọ ẹja inú ọbẹ̀ tirẹ̀ sínú abọ́ Bọ́sẹ̀dé. Bọ́sẹ̀dé jẹ ẹ́ láìgbé ojú sókè.

Ní ìparí oṣù Èrèlé, Olóyèdé kó àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ dé. Ní Ìsọlọ̀, ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé ilé alámọ̀, apá kan ló máa ń ṣí. Bí wọ́n bá kan apá yẹn tán ni wọ́n á tó fọwọ́ kan èkejì, torí pé amọ̀ àti òjò kì í ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ Olóyèdé ní kí wọ́n ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá Susanna bá dìde.

"Apá kan là á ṣí. Bí òjò bá dé, ulé kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá."

"Màmá, ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà," Olóyèdé wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bí mo ti ṣe é l'Ọ̀sí náà nìyẹn. Ṣebí Sister débẹ̀? Ẹ bi wọ́n léèrè."

Gbogbo ojú yí sí Bọ́sẹ̀dé. Ó wo ilẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é lọ́hùn-ún, Màmá."

Màmá jókòó. Ọjọ́ yẹn ni ilé kún jù lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Bọ́sẹ̀dé gúnyán fún àwọn òṣìṣẹ́, òòlù ń dún, wọ́n ń pariwo síra wọn lórí àjà, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé irọ́ tó pa. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ilé ti wà ní ìhòòhò.

Olóyèdé yà díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ní ìṣó kò tó. Lẹ́yìn náà, wọn kò rí i mọ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti Kòrò ní àwọn rí i níbẹ̀, ó ń ṣí òrùlé ilé ẹlòmíràn. Ọgbọ́n tirẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá ti ṣí ilé, onílé kò lè fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn láìsí ìjà, òun á sì lọ ṣí òmíràn kí ẹnì kan má baà gba ìyẹn náà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọkọ Falilat, aládùúgbò wọn, wá sọ́dọ̀ Bọ́sẹ̀dé. Ó ní òun mọ káfíńtà kan tó lè fi páànù bo ilé náà kíákíá.

"Ó máa padà wá, Bàbá," Bọ́sẹ̀dé wí. "Ó ṣèlérí fún mi."

Ọ̀sán gbogbo ló ń gbé àga síta dè é. Ọ̀sán gbogbo náà ló ń gbé e wọlé padà.

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yẹn kò kí ẹnikẹ́ni kó tó wọlé. Bọ́sẹ̀dé ń ti ilé ìwé bọ̀ nígbà tí ìjì bẹ̀rẹ̀. Ó sáré. Ó bá Màmá Susanna nínú ilé tí kò lórí, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ó ń gbìyànjú láti wọ́ àpótí Bùọ̀dá Elijah jáde, ó ti so fọ́tò ìgbéyàwó Àǹtí Fúnmilọ́lá mọ́ ara nínú ìró. Omi ń ṣàn lára ògiri, pupa bí epo.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jáde."

"Nǹkan àwọn ọmọ mi rèé."

Bọ́sẹ̀dé fi agbára fà á jáde. Wọn kò tíì dé ọ̀dọ̀ Falilat tí ògiri yàrá Lazarus fi wó, ti Elijah tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ti Màmá fúnra rẹ̀. Falilat da aṣọ gbígbẹ bo arúgbó náà, ó sì gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Màmá kò mu ún. Ó di okùn kọ́kọ́rọ́ mú, ó ń ka àwọn kọ́kọ́rọ́ yàrá tí kò sí mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ́sẹ̀dé wọ lọ́rì lọ sí Ọ̀sí láti béèrè ibi tí Olóyèdé ń gbé. Ó béèrè ilé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó débẹ̀, ó kọ́kọ́ rò pé òun ṣìnà. Ògiri ló wà níbẹ̀, kò sí òrùlé. Koríko ti hù nínú àwọn yàrá, ewúrẹ́ kan sì dúró síbi tó yẹ kí ibùsùn wà. Ìyá arúgbó kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ kú ilé, Ìyá. Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Alimat? Olóyèdé ni mò ń wá."

"Ó ti ṣí ti ẹ̀yin náà?"

Bọ́sẹ̀dé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọdún kejì rèé tó ṣí tèmi. Ulé ìdáná yìí ni mò ń sùn." Ìyá náà yí àpótí ìjókòó kan sí i. "Jókòó, ọmọ mi. Ojúmọ́ kan kì í mọ́ kí n má jókòó síbí. Kò sí ẹnì kan tó wá bi mí léèrè ọkùnrin yẹn rí. Ká ní ẹ wá ni, ǹ bá sọ fún yín. Ó wà lẹ́nu mi, n kò rí ẹni sọ ọ́ fún ni."

Bọ́sẹ̀dé sunkún níbẹ̀, ìyá náà kò sì dá a lẹ́kun. Ọmọbìnrin kan ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀ ní Ìsọlọ̀, ìyá kan ń dúró de ẹni tí yóò bi òun léèrè ní Ọ̀sí. Ọ̀nà lọ́rì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, Bọ́sẹ̀dé ló kọ̀ tí kò rìn ín.

Nígbà tó padà, ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá Susanna.

"Màmá, n kò lọ sí Ọ̀sí nígbà yẹn. Irọ́ ni mo pa. Mo fẹ́ kó máa wá ni. Ilé yẹn dá jù fún mi."

Màmá gbé okùn kọ́kọ́rọ́ lé itan.

"Èmi ńkọ́?" ló wí níkẹyìn. "Ṣebí èmi náà wà nínú ulé náà?"

Kò bínú, kò nà án, kò gbé e ṣépè. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kàn sọ, ó sì dun Bọ́sẹ̀dé ju pàṣán lọ, torí pé òótọ́ ni. Àwọn méjì ni ilé dá fún. Ọwọ́ ìyá àgbà kò jìnnà sí i rárá, kò fi ìgbà kan na tirẹ̀ sí i.

Lazarus wá mú ìyá rẹ̀ lọ sí Kàdúná. Wọ́n fi Bọ́sẹ̀dé sọ́dọ̀ Falilat kó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkọ̀ náà, okùn kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Kò tún fẹsẹ̀ tẹ Ìsọlọ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Ọ̀sán gbogbo ni Bọ́sẹ̀dé máa ń lọ jókòó sórí pèpéle tó ṣẹ́ kù. Lọ́jọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ń wò yányán.

"Ẹ kú ilé o. Ọláoyè ni mí, láti Ọ̀bọ̀-Ilé. Kọntirátọ̀ kan fẹ́ bá mi pààrọ̀ òrùlé. Ó ní òun lòun ṣe ilé Lazarus ní Ìsọlọ̀, kí n wá béèrè. Àwọn ọmọ mi ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, àmọ́ ọkàn mi kò gbà."

Bọ́sẹ̀dé dìde. Ó mú un lọ́wọ́ gba àárín ògiri tó wó, ó fi yàrá kọ̀ọ̀kan hàn án, ó dárúkọ ẹni tó ni ín. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ti ara rẹ̀ pamọ́.

"Ẹnu oníṣẹ́ kọ́ ni ẹ ó fi gba oníṣẹ́, Bàbá," ló wí. "Ilé tó ti ṣe rí ni kí ẹ lọ wò, kí ẹ wọnú rẹ̀, kí ẹ bá onílé sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì rán ọmọ lọ, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ọmọ náà. Wọ́n rán mi, n kò lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi bá mi nìkan níbí."

Bàbá náà wo ojú ọ̀run tó ń mọ́lẹ̀ sínú yàrá Màmá Susanna, ó mi orí, ó sì fẹ́ yí padà sọ́nà ọkọ̀.

Bọ́sẹ̀dé ti sáré lọ gbé àga wá láti ilé Falilat.

"Ẹ jókòó díẹ̀, Bàbá," ló wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá béèrè."