Orúkọ Kẹwàá

Ilé kẹwàá-kẹwàá ni ọ̀gá mi ní kí n máa yà sí ládùúgbò kan, kí n béèrè ọ̀rọ̀ ìwádìí, kí n kọ ìdáhùn sílẹ̀. Mo ka ilé dé ẹ̀kẹwàá, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún rédíò ṣe ni mo bá níbẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, sà?"

"Rédíò ni mò ń tún ṣe. Ọkàn nìkan ni mi ò mọ̀ ọ́n tún ṣe, ẹ̀yin lẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ba tèmi jẹ́ yìí."

Mo rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, mo ti fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí rédíò ilé wa bá dákẹ́, inú mi á máa dùn.

Ìyá mi ò fẹ́ ẹ. Ó gbé àpótí ìjókòó lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, ó ń bi gbogbo ẹni tó gbé rédíò padà wá léèrè. Èpè ni wọ́n ń ṣẹ́!

"Èmi náà ti ṣèwádìí bíi tìẹ. Abanilẹ́rùjẹ́ ni Oníwáyà yẹn!"

"Màmá, ẹni tí rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ geerege, kí ló fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Ta ni ara rẹ̀ yá gágá tó ń lọ tò sílé ìwòsàn?"

Mo gba ìwé tí olólùfẹ́ mi ń kọ orúkọ oníbàárà sí. Ìwé náà ti pẹ́, láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ti gbé e wá. Mo kọ gbogbo orúkọ sí bébà wẹ́wẹ́, mo ká wọn, mo dà wọ́n sínú ike, mo gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Ìyá mi dijú, ó mú mẹ́wàá. Ó ní bí mẹ́jọ bá yìn ín, òun á gbà kí a fẹ́ra.

Orúnkún ń ro ìyá mi, èmi ni mo ń lọ. Ẹni mẹ́sàn-án, ìyìn ni! Ọ̀kan tilẹ̀ fẹ́ fọmọ tirẹ̀ fún un.

Ó ku ẹnì kan, lọ́hùn-ún nílùú àtijọ́. Olólùfẹ́ mi rí orúkọ náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Adúmáadán mi, ìyẹn ti kó lọ. Mú ẹlòmíràn."

"A kì í pààrọ̀ ẹni tí a bá ti mú."

"Mẹ́sàn-án ti tó! Jọ̀ọ́, nítorí tèmi."

Òótọ́ ni, ó ti tó. Mo lọ síbẹ̀ náà. Obìnrin kan tó pọnmọ ló ṣílẹ̀kùn. Mo béèrè, ó dáhùn, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo délé, ìyá mi ti ń jó lórí orúnkún ríro.

"Mo gbà! Oníwáyà ti dọmọ mi! Kí lẹni kẹwàá wí?"

"Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára, Màmá."

"Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá! Kí ló wá ń pa ọ́ lẹ́kún?"

"Ó ní bí mo bá padà, kí n bá òun kí ọkọ òun."

Ijó dúró. Ìyá mi ò sọ pé òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fà mí mọ́ra.

"Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò dúró ní mẹ́sàn-án?"

"Mo fẹ́ dúró, Màmá. Ọkọ̀ mẹ́ta ló kọjá lójú mi ní ibùdókọ̀ kí n tó wọ ìkẹrin lọ síbẹ̀."